Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Inú Ọmọ Ajá Kò Sí Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìgbúròó wa láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Port Harcourt níbí kí n tó mú bírò. Mo kí Àǹtí mi. Mo kí ọkọ wọn, Bọ̀dá Tíṣà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ má fo ibì kankan torí pé ẹ fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo kí gbogbo àwọn ìyá tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkìrun lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Láyíwọlá kò fi lẹ́tà rẹ̀ sínú àpòòwé bó ṣe máa ń ṣe, tó wá gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ìdí ni pé irọ́ tí mo pa fún yín kò dúró sínú ilé. Nígbà tí mo wálé lọ́dún Iléyá, ẹ rántí pé mo jókòó sáàárín yín, mo ń ròyìn ẹ̀rọ tuntun tí dókítà wa rà, èyí tí wọ́n fi ń wo inú ọmọ ajá láìfi ọ̀bẹ kàn án. Mo ní èmi ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́. Ariwo ayọ̀ sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé ilé kejì àti ilé kẹta. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ẹni tó bá mi gbé báàgì dé gáréèjì ń pè mí ní Dókítà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ìyá mi, irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò sí lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló ń lò ó, mo sì ń jowú rẹ̀. Owú yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ohun tó mú mi ṣe.

Ẹ kò dé ibi iṣẹ́ mi rí, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ díẹ̀. Ilé gbígbé kan ni ní Rumuibekwe tí dókítà sọ di ilé ìwòsàn ẹranko. Pálọ̀ ibẹ̀ ni àwọn tó gbé ajá wá máa ń jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí ọmọ ajá lórí táwẹ̀lì, ẹ ó rí ọmọ ajá nínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí. Lásìkò òjò tí a wà yìí, mo ti rí èyí tí wọ́n wọ súẹ́tà fún. Òjò ibí kò sì mọ ìsinmi. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè kó má dá títí di Fúráìdeè, aṣọ kì í gbẹ lára okùn, gbogbo bàtà mi ló ti bu funfun.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn ajá, kí n dì í mú, kí n sì kọ káàdì rẹ̀. Ẹ fi etí sí ti káàdì yìí dáadáa. Ajá yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fún lábẹ́rẹ́ oorun, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ wo inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹun láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi ni mo máa ń fi bírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì pé kò gbọdọ̀ jẹun, màá bu ọwọ́ lù ú, màá so ó mọ́ ẹnu ilé ajá náà. Bí wọ́n bá gbé ajá náà wọlé, màá so káàdì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Dókítà kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Bó bá ti rí ìkọ̀wé pupa mi, abẹ́rẹ́ ló máa ń mú. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò sì ṣì í ṣe rí.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n kékeré ni, òun àti ohun kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ tí wáyà so wọ́n pọ̀. Wọn á fá irun ikùn ọmọ ajá náà, wọn á fi nǹkan tó ń yọ̀ bí omi ilá pa á, wọn á wá máa fi ohun tó dà bí ọṣẹ yẹn rìn lórí ikùn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ajá á wá hàn nínú tẹlifíṣọ̀n náà. Mo ti rí ọkàn ọmọ ajá tó ń lù kìkì. Mo ti rí kíndìnrín rẹ̀ níbi tó wà gan-an, ajá náà sì ń wò mí lójú, kò mọ̀ pé wọ́n ń wo inú òun.

Nígbà tí mo sọ èyí lọ́dún Iléyá, ẹ bi mí pé ṣé ajá yẹn ló bí ẹni tó gbé e wá ni, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá wa fi di ikùn mú lórí ẹní. Ẹnì kan ní jẹ̀dí ni, ẹnì kan ní ọgbẹ́ inú ni, ẹnì kan ní ẹ̀dọ̀ ni, oníkálukú sì ní oògùn tirẹ̀. Títí tí a fi gbé wọn sin, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ikùn yẹn. Ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá wá sùn kalẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ torí pé ó kọ oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ méjì. Mo jowú rẹ̀, Ìyá mi. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo sì jowú rẹ̀ débi pé ojú mi ń ta mí. Nítorí náà ni ẹ̀rọ yẹn ṣe wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń rí inú.

Dókítà sì ti ṣèlérí fún mi. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí omi, tí à ń retí kó gúnlẹ̀ sí Onne, ó na ọwọ́ sí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, Láyí, na you go drive am. Ìyẹn ni pé èmi ni n óò máa wà á bí ẹni wa mọ́tò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Mo fọ yàrá tí wọ́n máa gbé e sí, mo kun ògiri rẹ̀, mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé.

Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n fi Bísọ́lá ránṣẹ́ sí wa. Kọ́pà ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dókítà ẹranko jáde ní yunifásítì. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ sà. Ìyá mi, ẹ kò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Píjìn ni gbogbo wa fi ń jí níbí, òun náà la fi ń sùn. Kúnlé ọmọ mi, bí mo bá fi Yorùbá pè é, á ní Daddy, I dey come. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí mi ò ní gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni àyàfi ti Rìsí, aya mi, tó sì jẹ́ pé ìbínú ló máa ń fi sọ ọ́. Èmi ni mo wá yàrá fún Bísọ́lá lẹ́yìn ilé wa. Rìsí ń bá a dá oúnjẹ sí, ó fún un ní aṣọ òtútù nínú òkìríkà, aṣọ àlòkù tó ń tà lọ́jà Oil Mill. Èmi fúnra mi ni mo yìn ín fún dókítà pé ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń mú ajá.

Ẹ̀rọ dé. Ẹni tó gbé e wá ní ọjọ́ méjì lòun máa fi kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó. Mo ti wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo ti fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Dókítà wọlé, ó wo àga, ó wo Bísọ́lá, ó ní kó jókòó. Ó ní kí èmi wá di ajá mú. Nígbà tí mo bá a ní kọ̀rọ̀ tí mo rán an létí ìlérí rẹ̀, ó fọwọ́ lù mí léjìká, ó ní she sabi book, you sabi hold. Kò fi burúkú sọ ọ́. Mo padà wọlé, mo di ajá mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni owú ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mo jowú ìjókòó rẹ̀. Mo jowú ìka rẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Àwọn tó ti ń pè mí ní Mista Láyí látọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bèèrè dókítà kékeré. Mo wá ẹ̀bi sí i lọ́rùn tó rẹ̀ mí. Kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í fojú di ẹnikẹ́ni, kì í jẹun kó má bu fún mi. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Ó máa ń pè mí pé Bọ̀dá Láyí, ẹ wá wo ibí yìí, èyí ni ẹ̀dọ̀, afẹ́fẹ́ ló ṣe bíi kùrukùru níbẹ̀ yẹn, oúnjẹ ló máa ń fà á. Màá ní ojú ń dùn mí. Màá yíjú sí ògiri, ṣùgbọ́n etí mi wà níbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Rìsí rí i kí n tó rí i. Bó ṣe ń di ẹrù òkìríkà rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, ó ní owú ọmọdé ni mò ń jẹ, pé kí n yáa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó parí ọdún rẹ̀. Mo bínú, mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ebi pa mí, mo jẹ ẹ́ ní títutù láàárọ̀. Nígbà tí Iléyá dé tí mo wálé, tí ẹ bi mí léèrè iṣẹ́, owú yẹn náà ló la ẹnu mi tó fi jáde gẹ́gẹ́ bí irọ́ tí mo pa fún yín.

Ìgbà tí mo padà dé ni Madam kan gbé ọmọ ajá rẹ̀ wá láti Onne, níbi tí ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́. Ajá náà jẹ́ irú àwọn ajá ńlá elétí ṣóńṣó tí ọlọ́pàá ń lò, kò ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ, Ṣúgà lorúkọ rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń bì. Ó máa jẹun, oúnjẹ náà á dúró díẹ̀, á tún padà wá. Egungun ìhà rẹ̀ ti ṣeé kà. Dókítà yà á ní fọ́tò egungun, kò rí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a fi ẹ̀rọ tuntun wò ó. Madam yọ ṣùtì. Ó ní bí tẹlifíṣọ̀n wọn kò bá rí nǹkan lọ́la, Èkó lòun ń gbé ajá òun lọ, òun á sì sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ òun. Mo kọ káàdì Ṣúgà pẹ̀lú bírò pupa, mo bu ọwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ kejì, Bísọ́lá wọ ẹ̀wù funfun tuntun wọlé. Dókítà ló rán an fún un, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i láyà. Ẹ̀wù tèmi búlúù ni, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wọ̀ ọ́, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Mo gbé fúláàsì oúnjẹ mi lọ sẹ́yìn níbi tí ilé àwọn ajá wà. Ṣúgà dìde, ó ń ju ìrù. Mo wo káàdì tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Ìyá mi, kò sí èṣù tó tì mí. Mo ní nínú ọkàn mi pé kí Bísọ́lá lọ jókòó níwájú Madam, kó wo tẹlifíṣọ̀n, kùrukùru nìkan ni kó rí. Kí dókítà mọ̀ pé ẹ̀wù funfun kọ́ ló ń mú ènìyàn mọ iṣẹ́. Mo fún Ṣúgà ní ẹran mẹ́ta àti ìrẹsì tí Rìsí dì fún mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo nu ẹnu rẹ̀ mọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni máa fún un lábẹ́rẹ́ oorun, nítorí a kì í fún ọmọ ajá lábẹ́rẹ́ ká tó fi ẹ̀rọ yẹn wò ó.

A wọlé. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Bísọ́lá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kùrukùru ló rí, bí mo ṣe fẹ́. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó lọ sápá òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Madam bi dókítà lójú Bísọ́lá pé ṣé ó dá a lójú pé ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe. Inú mi dùn. N kò ní parọ́ fún yín mọ́: inú mi dùn débi pé mò ń ṣọ́ra kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu mi. Mo ń retí kí dókítà ní Láyí, oya, come try. Kò pè mí. Ó ní ajá náà ń jà, ìyẹn ló jẹ́ kí ikùn rẹ̀ le, kí òun fún un lábẹ́rẹ́ oorun díẹ̀ kí Bísọ́lá lè tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ó bojú wo ẹsẹ̀ tábìlì, ó rí ìkọ̀wé pupa mi, ó mú abẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi ti tán. Mo tún ní bóyá kò ní sí nǹkan. Orí bóyá yẹn ni mo dúró sí títí abẹ́rẹ́ fi wọlé.

Orí Ṣúgà rọ̀ sórí ọrùn ọwọ́ mi. Inú rẹ̀ ru lẹ́ẹ̀kan, ìrẹsì wá sí ẹnu rẹ̀, kò sì lágbára láti tu ú dànù, ó padà sí ọ̀nà èémí. Ahọ́n rẹ̀ dúdú lójú mi. Mo pariwo. Mo ní ó ti jẹun, ó ti jẹun, èmi ni mo fún un, ìrẹsì àti ẹran! Yorùbá ni mo fi pariwo rẹ̀. Dókítà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibí, Madam náà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bísọ́lá nìkan ló gbọ́. Kò wò mí rárá. Ó gbé ajá náà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀, ó ń fa ìrẹsì jáde. Dókítà fi rọ́bà fa èyí tó kù. Ó pẹ́ lójú mi kó tó húkọ́. Nígbà tó húkọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà bi Bísọ́lá pé kí ni Láyí ń pariwo. Mo mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Bísọ́lá dáhùn pé mò ń pariwo pé ajá ń bì ni. Dókítà bá rò ó fúnra rẹ̀ pé oúnjẹ àná ló ṣì wà nínú ajá náà, nítorí ohun yòówù tó dí i nínú. Ó yìn mí pé mo tètè pariwo. Madam ní Bísọ́lá ló tẹ ikùn ajá òun débi tó fẹ́ fi kú, pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Bísọ́lá nu ìrẹsì kúrò lórí tábìlì, kò sì dárúkọ mi.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tí inú Ṣúgà ti ṣófo dáadáa, dókítà fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀rọ, Bísọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ibi tó máa tẹ̀ fún un. Bísọ́lá ló rí ohun tó dí ajá náà nínú. Wọ́n la ajá náà, ṣùkù àgbàdo ló jáde, àárín àgbàdo tí wọ́n ti jẹ ọkà rẹ̀ tán. Àsìkò àgbàdo àti ùbe, èso tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, la wà níbí, ó jọ pé ẹnì kan sọ ọ́ sílẹ̀ nílé wọn, ọmọ ajá gbé e mì. Madam dúpẹ́ títí lọ́wọ́ dókítà, kò wo ọ̀dọ̀ Bísọ́lá.

Mo bá Bísọ́lá lábẹ́ òrùlé níbi tó ti ń dúró kí òjò dá, mo bi í pé kí ló dé tó fi bò mí. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wákàtí yẹn gan-an ni dókítà máa lé mi, níbo ni Àǹtí Rìsí àti àwọn ọmọ tí òun ń bá jẹun máa kọjú sí? Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ lásán, ó sì bi mí bóyá Rìsí ti dé láti ọjà. Ẹ bá mi wò ó. Mo ti jowú ìwé rẹ̀, mo ti jowú ẹ̀wù rẹ̀, mo wá tún ń jowú ìwà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní òun ti fẹ́ kí Bísọ́lá dúró síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bá bọ́ aṣọ kọ́pà, ṣùgbọ́n Madam ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ṣeé ṣe mọ́. Ó ní kí Bísọ́lá fi oṣù tó kù kọ́ mi ní ẹ̀rọ náà, pé èmi ni n óò gbà á. Ìyá mi, irọ́ tí mo pa fún yín lọ́dún Iléyá fẹ́ di òtítọ́. N kò ní ṣe jù pé kí n dákẹ́ lọ. Mo jókòó sí àga yẹn lọ́jọ́ náà tí kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Mo gbé nǹkan tó dà bí ọṣẹ yẹn sọ́wọ́. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì ní sọ fún yín pé ó rọrùn, torí ó wù mí gidi gan-an.

Ní àárọ̀ àná, mo wọlé tọ dókítà, mo fi Píjìn sọ ọ́ fún un kó lè yé e. Mo ní na me give the dog food, na me write say e no chop. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Kò pariwo, ó sàn kó pariwo. Ó ní kí n gbé àwọn káàdì wá. Ó kó gbogbo rẹ̀ àti bírò pupa sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó ní èmi ni n óò fẹnu ara mi sọ ọ́ fún Madam, mo sì ti lọ sí Onne lónìí, mo ti sọ ọ́. Ohun tí Madam sọ sí mi, ẹ jẹ́ kó mọ lọ́dọ̀ èmi àti òun. Láti ọ̀la, ilé àwọn ajá ni n óò máa fọ̀, n kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ láéláé nínú ilé ìwòsàn yẹn. Bísọ́lá ló máa dúró síṣẹ́.

Mo rò pé tí mo bá sọ òtítọ́, owú náà á lọ. Kò lọ. Mo rí Bísọ́lá nírọ̀lẹ́ yìí níbi tó ti ń fi ìka nu ojú tẹlifíṣọ̀n náà, inú mi gbóná bí i ti tẹ́lẹ̀.

Àǹtí kọ̀wé sí mi pé ìdájí ọjọ́ gbogbo ni ẹ ń gbàdúrà fún ọwọ́ tó ń lo ẹ̀rọ náà, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣìnà. Ẹ má dá àdúrà yẹn dúró. Kìkì orúkọ ni kẹ́ ẹ yí padà. Bísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Èmi náà ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ẹ bá mi pè é.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n bá yín láyé, kí n bá yín láàyè ara. Kí ẹsẹ̀ yín má yẹ̀ lójú àgbàlá, kí oúnjẹ má sá fún yín lẹ́nu. Rìsí àti àwọn ọmọ ń kí yín. Ẹ bá mi kí Ìyá tó wà lójúde kejì, ẹ kí Bọ̀dá Tíṣà pé wọ́n kú iṣẹ́ ìwé kíkà, ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń pè mí ní Dókítà pé Láyíwọlá ni kí wọ́n máa pè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Láyíwọlá.